Ṣé Kí N Ta Kámẹ́rà Mi Ra Èyí Tó Jù Ú Lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Canon 700D ni mo ń lò, pẹ̀lú lẹ́ńsì 18–55 tó bá a wá nínú páálí. Ìgbéyàwó, ìkómọjáde àti ọjọ́ ìbí ni mo máa ń yà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, ojú àwọn ènìyàn máa ń ṣókùnkùn nínú fọ́tò mi, pàápàá bí wọ́n bá wọ léèsì funfun. Bí mo bá tan fíláàṣì kékeré orí kámẹ́rà, iwájú orí wọn a máa dán, òjìji dúdú a sì hàn sára ògiri lẹ́yìn wọn. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kámẹ́rà mi ti di ti àtijọ́, kí n tà á, kí n fi owó tí mo ti kó jọ kún un, kí n ra mirrorless (kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú) tó jẹ́ full-frame, ìyẹn èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi ju ti tèmi lọ. Ọ̀kan nínú wọn tún ní ayàwòrán gidi kì í lo fíláàṣì. Kí ni ẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má ta kámẹ́rà rẹ. Fi owó tó wà lọ́wọ́ rẹ ra fíláàṣì kan tó lágbára, ọ̀pá tí yóò gbé e dúró, ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa tàn án láti orí kámẹ́rà, agbòòrùn funfun ti ayàwòrán kan tó ń mú ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì gbòòrò, àti lẹ́ńsì tí ojú rẹ̀ ṣí dáadáa. Bí owó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí, ra káàdì mẹ́mórì àti bátìrì. Gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ, ọ̀ràn ìmọ́lẹ̀ ni, bí o bá sì ra bọ́dì tuntun, ìyẹn kámẹ́rà láìsí lẹ́ńsì, láìtún ìmọ́lẹ̀ ṣe, ojú dúdú yẹn náà ni ìwọ yóò tún máa yà, àfi pé gbèsè lè ti kún un.

Jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí ó dá mi lójú pé àwọn tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn kò ṣe é. Sẹ́ńsọ̀ ni ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà. Ti full-frame fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ti 700D lọ ní fífẹ̀, nítorí náà, bí ohun gbogbo mìíràn bá dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ tí yóò gbà yóò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti tìrẹ lọ. Lẹ́ńsì rẹ wá ńkọ́? Bí o bá fà á dé 55, ojú rẹ̀ kò lè ṣí ju f/5.6 lọ (bí nọ́ńbà tó tẹ̀lé f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó). Lẹ́ńsì 50mm f/1.8, tó wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù lọ nínú lẹ́ńsì Canon, ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn wọlé. Ta ni yóò wá fi owó gọbọi ra ìlọ́po méjì àtààbọ̀ nígbà tí ìlọ́po mẹ́wàá wà nílẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú? Wọn kò sì sọ fún ọ pé lẹ́ńsì 18–55 rẹ, tó jẹ́ EF-S, irú tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré bíi tìrẹ, kò ní wọ ara kámẹ́rà full-frame bíi Canon 5D tàbí 6D rárá. Bí o bá sì wá ohun tí yóò so ó mọ́ mirrorless Canon tó jẹ́ full-frame, àárín sẹ́ńsọ̀ nìkan ni kámẹ́rà náà yóò máa lò, ibi tí o sì ti kúrò náà ni ìwọ yóò padà sí. Mo mọ àwọn tó gbé bọ́dì olówó ńlá kọ́rùn tí wọ́n sì ń yá lẹ́ńsì kiri ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Ní ti pé kámẹ́rà rẹ ti di ti àtijọ́, lóòótọ́ ọdún 2013 ló jáde. Fọ́tò tó ń yà ní píksẹ́lì 5184 ní gígùn àti 3456 ní fífẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ ní ínǹṣì 16 sí 12, píksẹ́lì 288 ni yóò bọ́ sínú ínǹṣì kan, èyí tó pọ̀ tó fún álúbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó èyíkéyìí tí ènìyàn ń gbé sórí itan wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa kì í tilẹ̀ dé orí ìwé mọ́. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń wò ó, WhatsApp á sì ti fún un pọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí ojú dúdú àti léèsì funfun, nítorí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà rẹ ń gbìyànjú láti mú gbogbo ohun tó bá rí wá sí àárín méjì, kí ó má funfun jù, kí ó má dúdú jù. Bí ìyá ìyàwó bá jẹ́ adúmáadán, tó wọ léèsì funfun, tó wé gèlè aláwọ̀ fàdákà, tó sì jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé, kámẹ́rà yóò rí funfun tó pọ̀, yóò gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Léèsì yóò di eérú, ojú màmá yóò sì wọ òkùnkùn lọ. Lọ́nà kejì, bí ọkọ ìyàwó bá wọ kóòtù dúdú níwájú ògiri dúdú, kámẹ́rà yóò fi kún ìmọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi ṣàì ní àwọ̀ tirẹ̀ mọ́. Nítorí náà, fi kámẹ́rà sí M, níbi tí ènìyàn ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ohun gbogbo, kí ìwọ fúnra rẹ máa pinnu.

Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé kí o kàn fi kún ìmọ́lẹ̀ ti tó. Bí o bá fi kún un títí ojú fi mọ́ dáadáa, ihò àti òdòdó ara léèsì yóò parẹ́, yóò di funfun pẹlẹbẹ, ẹni tó sì fi owó tabua ra léèsì yóò béèrè òdòdó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sí ojú pọ̀ ju èyí tó ń bọ́ sí aṣọ. Gbé fíláàṣì sórí ọ̀pá, fi agbòòrùn sí i, gbé e ga ju orí ẹni tí o fẹ́ yà lọ, sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí o sì sún un mọ́ ọn débi tí kò fi ní wọnú fọ́tò. Lẹ́yìn náà, yí agbòòrùn náà díẹ̀ kí àárín rẹ̀ má dojú kọ àyà onítọ̀hún. Etí ìmọ́lẹ̀ nìkan ni kí ó kan aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ kì í rìn jìnnà kí ó má rẹ̀: bí jíjìn bá di ìlọ́po méjì, ohun tó kù kò ju ìdá mẹ́rin lọ. Bí agbòòrùn bá wà nítòsí ojú, ìyàtọ̀ díẹ̀ tó wà láàárín ojú àti ìkun yóò fi ara hàn. Bí o bá gbé e lọ sí ìkángun gbọ̀ngàn, ojú àti aṣọ yóò gba ohun kan náà, ìṣòro rẹ yóò sì padà.

Ọ̀ràn dídán náà wà níbẹ̀. Lára awọ dúdú, dídán ló ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú àti àgbọ̀n hàn bí Ọlọ́run ṣe dá wọn. Kò yẹ kí a pa dídán run, ńṣe ni kí a sọ ọ́ di gbígbòòrò. Fíláàṣì kékeré orí kámẹ́rà ń fi ìtànná kan ṣoṣo sí àárín iwájú orí nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kéré; agbòòrùn ńlá tó wà nítòsí ń fi dídán gígùn, rírọ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú náà yóò sì dìde kúrò lára ògiri. Bí o bá fẹ́ rí i láìná kọ́bọ̀, mú ẹnì kan nílé yín jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọ̀sán, pa gbogbo gílóòbù, kí o sì ní kí ó máa yí orí díẹ̀díẹ̀. Wo bí dídán yẹn ṣe ń rìn láti etí wá sí imú, kí o mọ ibi tó ti dára jù. Ohun tí o bá rí nídìí fèrèsé ni kí o máa fi fíláàṣì wá kiri.

Nínú gbọ̀ngàn, gbé ojú sókè kí o tó gbé kámẹ́rà sókè. Bí àjà bá funfun tí kò sì ga, o lè kọ ojú fíláàṣì sí i, ìmọ́lẹ̀ yóò sì padà wá sílẹ̀ ní rírọ̀. Bí àwọn tó ṣe ọ̀ṣọ́ bá ti fi aṣọ pọ́pù bo àjà, gbogbo ojú ni yóò di pọ́pù. Bí àjà bá sì ga tó sì dúdú, agbára bátìrì rẹ lásán ni ò ń sọ nù. Níbẹ̀, ọ̀pá àti agbòòrùn nìkan ló kù. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ISO 1600 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń tètè rí ìmọ́lẹ̀ tó), f/4 àti ìdá 1/125 ìṣẹ́jú àáyá, kí o wá máa yí agbára fíláàṣì títí ojú yóò fi dára. Má kọjá 1/200 lórí 700D bí fíláàṣì bá ń ṣiṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ apá kan fọ́tò yóò dúdú. So ọ̀rá omi mọ́ ìdí ọ̀pá náà, nítorí àwọn ọmọdé ń sáré, àwọn tó ń ná owó fún eléré kì í sì í wo ẹsẹ̀ wọn.

Òde ọ̀sán ní ìṣòro tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni kánópì. Oòrùn tó bá gba inú kánópì pupa tàbí aláwọ̀ ewé kọjá yóò kun gbogbo ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ yẹn, ẹ̀gbẹ́ ojú tó kọ sí ìta yóò sì wà ní àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Kọ̀ǹpútà kò lè tún méjèèjì ṣe pọ̀ láìba ọ̀kan jẹ́. Bẹ àwọn òbí ìyàwó kí wọ́n bọ́ sí etí kánópì fún fọ́tò mọ̀lẹ́bí. Bí kánópì bá funfun, dúpẹ́, kí o sì ṣiṣẹ́ rẹ kíákíá kí oòrùn tó yí.

Ẹni tó ní ayàwòrán gidi kì í lo fíláàṣì, òun ni kò mọ̀ ọ́n lò. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán dára púpọ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó tó wọlé ijó ní aago mẹ́jọ alẹ́ kò lè dúró de òwúrọ̀. Bí àìní bá tilẹ̀ wà, ọgbọ́n ni àwọn tó ṣáájú wa fi ń dí i. J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tí àwòrán irun dídì rẹ̀ ti yí ayé ká, kámẹ́rà Brownie D tí kò ní fíláàṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ní Ìlá Ọ̀ràngún ní àwọn ọdún 1970, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tó wà láyé, a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá sì jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, onítọ̀hún a wọ aṣọ ọkùnrin nígbà àkọ́kọ́, a sì wọ ti obìnrin nígbà kejì. Inú yàrá òkùnkùn, láìsí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ wá sọ fún wọn pé wọn kì í ṣe ayàwòrán gidi.

Bí a ti dé ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́, ohun kan wà tí n kò ní fi bò ọ́ ní ojú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń bó àwọn oníbàárà láwọ̀. Ìyàwó wọlé ní dúdú, ó jáde nínú fọ́tò ní pupa rúsúrúsú, ihò ara rẹ̀ ti parẹ́, ìlà ojú bàbá rẹ̀ pàápàá ti di fífọ̀ nù. Èyí tó kù ni àwọn preset, ìyẹn àtúnṣe àwọ̀ àtòsílẹ̀, tí wọ́n ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹlòmíràn fi awọ tirẹ̀ wọ̀n. Ọ̀ràn yìí ti pẹ́: fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Shirley ni Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfọ́tò kí wọ́n máa fi wọn àwọ̀ ara. Tìrẹ rọrùn ju ti ìgbà yẹn lọ. Ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, tún àwọ̀ funfun ṣe kí léèsì funfun jẹ́ funfun, kí o sì fi ojú rẹ wo awọ náà títí yóò fi jọ ti ẹni tó ni ín.

Ìdí kan ṣoṣo ló wà tí mo fi gbà pé kí o pààrọ̀ bọ́dì lọ́jọ́ iwájú: ihò káàdì kan ni 700D ní. Bí káàdì yẹn bá bàjẹ́, ìgbéyàwó náà ti lọ nìyẹn. Nígbà tí ọjọ́ rẹ bá tó, wá kámẹ́rà tó ń kọ fọ́tò sórí káàdì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí o sì ṣọ́ra, nítorí gbogbo tuntun kọ́ ló ní in. EOS R àkọ́kọ́, tó jáde ní 2018, ihò kan péré ló ní. Ní báyìí, máa pààrọ̀ káàdì láàárín fọ́tò mọ̀lẹ́bí àti ìgbafẹ́ alẹ́, má sì pa ohunkóhun rẹ́ títí yóò fi wà ní ibi méjì.

Bí lẹ́ńsì tòkunbọ̀ lo fẹ́ rà, yálà ní ọjà Computer Village ní Ìkẹjà tàbí níbòmíràn, mú 700D rẹ dání, kí o sì dán an wò níbẹ̀. Tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ sí ẹ̀yìn lẹ́ńsì náà kí o wo inú rẹ̀ láti iwájú: bí o bá rí ohun tó ta bí òwú aláǹtakùn, funfun, tó rọ̀ mọ́ gíláàsì, bíbu ti bù ú, má rà á, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó. Ṣí ojú rẹ̀ tán, ya ìwé ìròyìn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kí o sì fẹ àwọn igun fọ́tò náà lójú láti rí i bóyá lẹ́tà wọn ṣì ṣeé kà. Ya òmíràn ní f/16, láti mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ ṣì ń pa dé. Kí ẹni tó ń tà á kọ nọ́ńbà ara lẹ́ńsì náà sórí rìsíìtì kí o tó san ohunkóhun. Bí ó bá ní kò sí àyè fún gbogbo ìyẹn, ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.