Ta ni ó ní àṣẹ lórí odò tí ó ṣàn gba orílẹ̀-èdè púpọ̀ kọjá?

Kò sí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo tí ó ní àṣẹ lórí irú odò bẹ́ẹ̀ láti orísun rẹ̀ dé etí òkun. Oníkálukú ni ó ni apá tí ó wà nínú ilẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lókè odò kò gbọdọ̀ lo omi náà lọ́nà tí yóò pa ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ lára. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 1997, tí ó fìdí múlẹ̀ ní 2014, ní kí wọ́n pín ìlò omi bí ó ti tọ́, kí wọ́n sì fi tó ara wọn létí kí ẹnikẹ́ni tó dáwọ́ lé iṣẹ́ ńlá. Àwọn tí ó fọwọ́ sí i nìkan ni ó dè. Nítorí náà, àdéhùn láàárín àwọn tí ó jọ pín odò kan ni ó ṣe kókó jù lójú tèmi.

Ẹ wo odò Sẹ̀nẹ̀gà. Ní 1972, Màlì, Mọriténíà àti Sẹ̀nẹ̀gà dá OMVS sílẹ̀, àjọ tí wọ́n fi jọ ń bójú tó odò náà. Inú ilẹ̀ Màlì ni dáàmù Manantali wà, síbẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó jọ ni ín: nínú ọgọ́rùn-ún iná mànàmáná rẹ̀, 52 jẹ́ ti Màlì, 33 jẹ́ ti Sẹ̀nẹ̀gà, 15 sì jẹ́ ti Mọriténíà.

Níbi tí kò bá sí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀, aáwọ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Ní 2020, Etiópíà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe omi jọ sínú dáàmù ńlá rẹ̀ lórí Náílì Búlúù láìjẹ́ pé òun, Sùdáánì àti Íjíbítì ti fẹnu kò.