Ihò kéékèèké dípò ọgbẹ́ gígùn: kí ni àǹfààní iṣẹ́ abẹ laparoscopy fún aláìsàn?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé òkúta wà nínú àpò òróǹro ìyá mi, ẹni ọdún 58, wọ́n sì ní àfi kí wọ́n yọ àpò náà kúrò. Dókítà wọn sọ pé òun kò ní la ikùn wọn, pé ihò kéékèèké mẹ́rin ni òun yóò lu, kámẹ́rà ni òun yóò sì máa fi wo inú. Ẹ̀rù ń ba ìyá mi. Wọ́n ní ẹni tí kò fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń gé, kí ni kò ní jẹ́ kó gé ohun tí kò yẹ? Ǹjẹ́ ọ̀nà yìí sàn ju ti àtijọ́ lọ, àbí àṣà ìgbàlódé lásán ni?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí màmá. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojo rárá. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ni pé iṣẹ́ tí a ń ṣe nínú ikùn kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀: àpò òróǹro kan náà ni a ó tú kúrò lábẹ́ ẹ̀dọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti há ọrùn àpò náà àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ, tí a sì gé wọn. Ẹnu ọ̀nà tí a gbà wọlé ló yí padà, ibẹ̀ náà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àǹfààní rẹ̀ ti wá.

Wọn yóò kọ́kọ́ fún màmá ní oògùn tí yóò mú wọn sùn fọnfọn. Lẹ́yìn náà ni a ó gé ojú kékeré kan nítòsí ìdodo, a ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ carbon dioxide sínú ikùn títí awọ ikùn yóò fi gbéra sókè kúrò lórí ìfun bí àgọ́ tí wọ́n ta, kí àyè lè wà láti ṣiṣẹ́. A kò kàn ṣàdédé yan afẹ́fẹ́ yìí. Kì í gbiná, bẹ́ẹ̀ sì rèé, irin oníná ni a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró nínú ibẹ̀. Ó sì tètè máa ń yòrò sínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀dọ̀fóró yóò fi mí i jáde. Kámẹ́rà oníná yóò gba ihò kan wọlé, àwọn irin iṣẹ́ tó gùn tó sì tín-ínrín yóò gba ihò yòókù. Ihò tó tóbi jù nínú wọn kì í sábà ju mìlímítà 12 lọ, àwọn kan kò sì ju mìlímítà 5. Tí a bá ti tú àpò náà tán, a ó kó o sínú ọ̀rá kékeré kan nínú ikùn níbẹ̀, a ó sì fà á jáde, lọ́pọ̀ ìgbà láti ojú ihò ìdodo.

Ní ti pé a kò fojú rí ohun tí à ń gé, a ń rí i dáadáa. Kámẹ́rà máa ń sún mọ́ ohun tí à ń wò, ó sì máa ń sọ ọ́ di ńlá lójú ẹ̀rọ, débi pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ínrín tí ojú lásán lè fò dá yóò hàn kedere. Ohun tí a pàdánù ni ìfọwọ́bà, nítorí pé ọwọ́ wa kò kan ẹran ara náà mọ́, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi gba ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀. Kì í sì í ṣe ohun àná: ní 1985 ni Erich Mühe, dókítà oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ti fi ọ̀nà yìí yọ àpò òróǹro, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà á wọlé.

Ní ti àǹfààní, ẹ wo ẹni tí a la ikùn rẹ̀ lábẹ́ ìhà ọ̀tún, tí a gé ẹran ibẹ̀ já. Gbogbo ìgbà tó bá mí kanlẹ̀ tàbí tó wúkọ́ ni ojú ọgbẹ́ náà ń fà á. Nítorí náà, kò ní fẹ́ mí kanlẹ̀, kò ní fẹ́ wúkọ́, kelebe yóò sì máa kó jọ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ihò kéékèèké máa ń dín ìyà yẹn kù púpọ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló máa ń dìde rìn lọ́jọ́ náà gan-an, tí wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kejì tàbí kó tó dìgbà náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n ti lè padà sẹ́nu iṣẹ́ tí kò le, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí a la ikùn rẹ̀ lè nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọgbẹ́ kékeré kì í sábà kẹ̀, ìfun kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yọ gbẹ̀ǹgbẹ̀ lójú àpá rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn ẹbí lẹ́nu. Aláìsàn lè jí kó ní èjìká ni ó ń dun òun, wọn yóò sì bi wá pé kí la fi èjìká rẹ̀ ṣe. Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù ló ń da iṣan tó pààlà láàárín àyà àti ikùn láàmú, èjìká sì ni ara ti ń gbọ́ ìrora iṣan yẹn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, yóò lọ.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé ọ̀nà yìí kò ní ewu. Irin lè gún ìfun tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà ńlá tí òróǹro ń gbà sì lè fara pa, èyí tí a ń bẹ̀rù jù lọ. Bí gbogbo ibẹ̀ bá ti wú tó sì ti lẹ̀ mọ́ra débi tí dókítà kò fi dá ọ̀nà mọ̀, ó lè la ikùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ka èyí sí ìkùnà. Dókítà tó kọ̀ láti là á nígbà tó yẹ ni kí ẹ bẹ̀rù. Kì í sì í ṣe gbogbo àrùn ni ihò kékeré dára fún: ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2018 fi hàn pé àwọn obìnrin tí wọ́n fi ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ kò rí ìwòsàn tó àwọn tí wọ́n la ikùn wọn. Ti àpò òróǹro kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni mo máa yàn fún ìyá tèmi, bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bá le dáadáa.

Kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, kí màmá sọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò fún dókítà, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n sì sọ bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ikùn rí. Tí wọ́n bá ti dé ilé, ńṣe ló yẹ kí ìrora máa dín kù lójoojúmọ́. Bó bá ń pọ̀ sí i, tí ikùn ń wú, tí ara gbóná, tí wọ́n ń bì láìdábọ̀, tàbí tí ẹyinjú wọn pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè, tí ìtọ̀ wọn náà sì pọ́n, ẹ gbé wọn padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.