Ọ̀dà kọ̀, kò gbẹ lára orí táńkì tí ẹ fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀

Ẹ ní orí táńkì ogun àwòṣe 1:35 (ìgbà márùndínlógójì ló fi kéré sí ti gidi) tí ẹ fi ẹ̀rọ résìn (oje kẹ́míkà tí ìmọ́lẹ̀ UV ń mú le) tẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ti kùn ún, àwọ̀ rẹ̀ ò sì bá ti ara ike tó kù dọ́gba, bẹ́ẹ̀ inú ìgò kan náà ni ẹ ti bu ọ̀dà méjèèjì. Ẹ má tíì da ọ̀dà yẹn nù. Èmi da tèmi nù, odindi ìgò mẹ́ta, kí n tó mọ̀ pé ẹ̀bi ẹlẹ́bi ni mo ń dì rù ú.

Orí táńkì lèmi náà tẹ̀. Mo jẹ́ kí inú rẹ̀ ṣófo kí résìn má baà tètè tán, mi ò sì dá ihò kankan sí i. Mo fọ ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ iná UV, ó le gbagidi. Lẹ́yìn oṣù méjì ló là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, résìn tútù bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde bí oje igi, gbogbo ọ̀dà tí mo fi òru kùn sì ṣí kúrò. Ìmọ́lẹ̀ 405 nm tó ń mú résìn gan kì í ráyè dé inú ihò dúdú bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá kù síbẹ̀, olómi ni yóò máa jẹ́.

Ní báyìí, ihò méjì ni mo ń dá sí abẹ́ ohun tó bá ṣófo, nǹkan bíi mm 2, kí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé bí résìn ṣe ń gba èkejì jáde. Mo ń fi síríńjì fín isopropyl alcohol (ọtí kẹ́míkà tó ń fọ résìn kúrò) sínú rẹ̀. Abọ́ méjì ni mo fi ń fọ nǹkan: ti àkọ́kọ́ máa ń dọ̀tí, ti èkejì gbọ́dọ̀ mọ́. Ó di ìgbà tó bá gbẹ tán kó tó dé abẹ́ iná. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nitrile o! Mo fojú di í títí ìka fi ń yún mi lóru, ara tó bá sì ti kọ résìn lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kó tún gbà á.

Ti àwọ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Résìn yín lè jẹ́ àwọ̀ eérú, kí ike jẹ́ àwọ̀ ewé, ọ̀dà fẹ́lẹ́ á sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ hàn. Práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) kan náà ni kí ẹ fín sí gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá ń po àwọ̀ ewé ológun, yẹ́lò àti dúdú á gbé yín dé tòsí rẹ̀, àmọ́ ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa fi dúdú sí i, torí kíákíá ló máa ń borí. Ẹ kọ iye ẹ̀kán sílẹ̀. Ẹ kùn ún sára síbí oníke tẹ́ ẹ ti fín práímà sí, kó gbẹ kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ọ̀dà akiríliìkì sábà máa ń ṣú sí i bó bá gbẹ. Ẹ má po ọ̀dà oní-lákà (èyí tí kẹ́míkà ń yọ́, tí kì í ṣe omi) mọ́ ọ̀dà olómi láé, yóò dì bíi wàrà tó bàjẹ́.

Kẹ́ ẹ tó fọ ọ̀dà kúrò lára tiyín, ẹ lu ihò kan sábẹ́ rẹ̀ ná. Bí résìn bá kán jáde, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wádìí ohun tó ṣe é.