Ọmọ Mi Ní Òun Kò Jẹ Oúnjẹ Màmá Mi

Ìbéèrè: Àfáà wa, àsàlámù àlékùn. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún méje, ó sì ń lọ sí ilé-kéwú. Kìrìsìtẹ́nì ni màmá tó bí mi. Ilé ọkọ ni mo ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a lọ kí màmá, wọ́n sì ti se ìkọ́kọrẹ́ dè wá. Ọmọ yìí ti àwo sẹ́yìn, ó ní, "Èmi ò jẹ oúnjẹ kèfèrí." Ojú tì mí gan-an, mo sì lù ú. Bẹ́ẹ̀, nílé wa, Indomie àti bisikíìtì nìkan ló mọ̀. Kò fẹ́ fojú kan ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Ṣé oúnjẹ màmá mi lòdì sí ẹ̀sìn ni? Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọ kó ní àánú, kó máa jẹ ohun tó ń ṣe ara lóore, kó sì gbà pé ọ̀tọ̀ ni bí ẹlòmíràn ṣe ń ṣe tiẹ̀, láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ nínú ẹ̀sìn? Ṣé kí n má mú un lọ sọ́dọ̀ màmá mọ́ ni?

Ìdáhùn: Wà àlékùmú sàlámù wà ráhámátúláhì.

Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti oúnjẹ kúrò nílẹ̀. Ewùrà, epo pupa, ata, ẹja gbígbẹ: kò sí èyí tí Ọlọ́hun ṣe léèwọ̀ nínú wọn, ẹni yòówù tó bá rin ewùrà náà. Ẹja kò tilẹ̀ nílò kí a dúńbú rẹ̀. Ọlọ́hun sì sọ nínú Súúrà Al-Mā'idah, ẹsẹ 5, pé oúnjẹ àwọn tí a fún ní tírà, ìyẹn àwọn Júù àti Kìrìsìtẹ́nì, tọ́ sí wa, tiwa náà sì tọ́ sí wọn. Ẹlẹ́dẹ̀, òkú ẹran, ẹ̀jẹ̀ àti ọtí kò yí padà, ìbáà jẹ́ ilé ìyá yín tàbí ilé tiyín. Ìkọ́kọrẹ́ màmá, ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ sì dúpẹ́.

Ní tèmi, pé ọmọ náà kò jẹun kọ́ ló bà mí nínú jẹ́. Ẹnu tó fi kọ oúnjẹ náà ni. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Maymunah, ọ̀kan lára àwọn ìyàwó Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Wọ́n gbé ḍabb tí wọ́n ti sun wá síwájú Ànọ́bì, ìyẹn ẹ̀yà aláǹgbá ńlá kan tó ń gbé aṣálẹ̀. Ó fẹ́ na ọwọ́ sí i, wọ́n bá sọ ohun tó jẹ́ fún un, ó sì fa ọwọ́ padà. Khalid ọmọ Walid, ọ̀kan lára àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, béèrè bóyá èèwọ̀ ni. Ànọ́bì ní rárá, kò sí ní ilẹ̀ àwọn èèyàn òun ni, ọkàn òun kò sì fà sí i. Khalid fa àwo sọ́dọ̀, ó ń jẹ, Ànọ́bì sì ń wò ó. Bukhari àti Muslim, àwọn onímọ̀ méjì tó kó ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànọ́bì jọ sínú ìwé, ló gba hádíìsì yìí wá. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ẹnì kan ń jẹ, ẹnì kan kò jẹ, oúnjẹ kan náà ló wà níwájú wọn, a kò sì gbọ́ èébú. Abu Hurayra, ọmọlẹ́yìn Ànọ́bì, sì sọ pé Ànọ́bì kò bu ẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ rí. Tó bá wù ú, a jẹ ẹ́, tí kò bá wù ú, a fi sílẹ̀.

Ìtàn yìí ni kí ẹ sọ fún ọmọ yín, lálẹ́, nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Ọmọ ọdún méje á rẹ́rìn-ín aláǹgbá náà dáadáa, kò sì ní gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn tí yóò máa sọ: "Màmá àgbà, ẹ ṣeun, mo ti yó." Tí kò bá dá a lójú pé hàláálì ni nǹkan, kó wá bi yín ní jẹ́jẹ́, kó má pariwo rẹ̀ sójú ẹni tó dáná. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fún yín nílé títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹ tún bá olùkọ́ rẹ̀ ní ilé-kéwú sọ̀rọ̀, láìbínú. Ọmọdé a máa gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀, a sì fi tirẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi lè jẹ́ ti àwa olùkọ́ náà. Tí a bá ka ohun tó jẹ́ hàráámù fún ọmọ, tí a kò kọ́ ọ bí yóò ṣe bá àgbà sọ̀rọ̀, iṣẹ́ wa kò pé, mo sì ń sọ èyí fún gbogbo ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ.

Asma, ọmọ Abubakar, béèrè lọ́wọ́ Ànọ́bì nígbà tí ìyá rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ wò, abọ̀rìṣà sì ni ìyá náà nígbà yẹn. Ànọ́bì ní kó ṣe dáadáa sí ìyá rẹ̀. Súúrà Luqman, ẹsẹ 15, tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa òbí tó ń fi agbára mú ọmọ láti bá Ọlọ́hun wá orogún: ọmọ kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wọn nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n kó bá wọn lò dáadáa láyé. Màmá yín kò fi agbára mú ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ni wọ́n sè.

Ẹ má ṣe sọ fún ọmọ náà pé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀sìn. Ọmọ kì í pẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì ni màmá àgbà ń lọ, mọ́ṣáláṣí ni àwa ń lọ, ohun tí àwa gbà gbọ́ nìyí, màmá àgbà sì fẹ́ràn rẹ." Ó máa ń rí i lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń wọ aṣọ kan náà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, lọ kí Awùjalẹ̀. Ẹ nawọ́ sí wọn, ẹ sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún un.

Ní ti Indomie, kì í ṣe hàráámù, ṣùgbọ́n oúnjẹ àràárọ̀ àti alaalẹ́ kọ́. Anas, ọmọdé tó ń sin Ànọ́bì, bá a lọ síbi tí télọ̀ kan ti pè é jẹun. Ó rí i tí Ànọ́bì ń wá elégédé kiri inú àwo. Anas ní láti ọjọ́ yẹn lòun ti fẹ́ràn elégédé. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ki ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́ létí. Ojú rẹ̀ ló rí i. Ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀, ṣé ẹ máa ń jókòó jẹ ẹ̀fọ́ níṣojú ọmọ yìí, àbí ẹ máa ń bu tirẹ̀ fún un lọ́tọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n? Ẹ jẹ́ kó bá yín ṣa ẹ̀wà, kó ja ẹ̀fọ́, kó fọ ewùrà. Ẹ sì yéé fi bisikíìtì san owó ẹ̀wà fún un, torí ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ ni pé ìyà ni ẹ̀wà, bisikíìtì ni èrè. Tó bá jẹ díẹ̀ tó ní òun yó, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdá kan ikùn fún oúnjẹ, ìdá kan fún omi, ìdá kan fún èémí, bẹ́ẹ̀ ni Ànọ́bì wí.

Ní ti lílù, ẹ má tún un ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Anas yìí kan náà ní ọdún mẹ́wàá lòun fi sin Ànọ́bì, kò pòṣé sí òun rí. Tí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi ọ̀tún fà á mọ́ra, ẹ kò sì tíì sọ fún mi pé ẹ ti fà á mọ́ra.

Ẹ máa mú un lọ sọ́dọ̀ màmá. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀ wọ́n fúnra rẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀, kí ẹ má sì bá a sọ ọ́. Tó bá fẹ́ sùn níbẹ̀ nígbà ọlidé, ẹ di ẹní ìkírun mọ́ ẹrù rẹ̀, torí ọdún méje ni Ànọ́bì ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ ìrun fún ọmọ. Ẹ kọ àkókò ìrun márààrún sínú ìwé fún màmá, kí wọ́n lè máa pè é.