Bátìrì méjì ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ lábà kí ojú mi tó là

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé sólà sí ilé kékeré tí ẹ kọ́ sóko níbi tí òpó iná ò dé: gílóòbù mẹ́rin, fáànù kan, fóònù mẹ́ta, àti fírísà kékeré tí ẹ ó máa kó ẹja sí. Ẹ ní oníná yín ní pánẹ́ẹ̀lì 300W kan, bátìrì 200Ah kan (Ah ni bí iná tó lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó) àti ínfátà 1kVA, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí à ń lò nílé, ti tó. Kò tó. Ẹ má tíì sanwó.

Ohun kan náà gan-an ni wọ́n tà fún èmi náà nígbà tí mo fẹ́ tan iná sí abà mi lọ́nà Ìgbò-Ọrà, àfi pé èmi ò fi fírísà sí i. Oṣù méje ni bátìrì àkọ́kọ́ lò. Bí mo bá tan fáànù sùn, kí àkùkọ tó kọ, ínfátà á ti máa ké pìì, pìì, pìì, lẹ́yìn náà òkùnkùn. Oníná tó ṣe é ní fèrú ni bátìrì yẹn, kí n lọ ra ojúlówó. Mo ra ojúlówó. Òun náà ò pé ọdún.

Ìgbà yẹn ni mo tó yá mítà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń tún fóònù ṣe. Lọ́sàn-án gangan tí oòrùn ń ta, mo fi ẹnu mítà kan kọ̀ntírólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì sínú bátìrì, níbi tí wáyà bátìrì ti jáde: 14.4V (V ni agbára tó ń ti iná). Mo gbé mítà yẹn kan náà sórí bátìrì fúnra rẹ̀: 13.5V. Iná tó jáde ní yàrá kìíní ò dé yàrá kejì tán. Mo wá ń fi ọwọ́ tọ wáyà náà lọ díẹ̀díẹ̀, títí mo fi kan ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ mọ́ra, tí wọ́n fi téèpù dúdú dì í. Ó gbóná bíi kọ́ọ̀bù tíì. Wáyà 2.5mm tí a fi ń fa sọ́kẹ́ẹ̀tì nílé ni wọ́n lò, nǹkan bíi mítà mẹ́rin, torí wọn ò fẹ́ kí bátìrì wà lójú àlejò. Àlejò wo ló ń wá sábà mi?

Kọ̀ntírólà rò pé bátìrì ti yó, ó ń ká ọwọ́ rẹ̀ kò, bẹ́ẹ̀ ebi ló ń pa bátìrì. Bátìrì aláásíìdì tí kì í yó láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nǹkan funfun kan á máa dì mọ́ òjé inú rẹ̀. Bó bá ti le tán, kì í ṣí mọ́. Ní báyìí, bátìrì mi ò jìnnà ju mítà kan lọ sí kọ̀ntírólà, wáyà 16mm ni mo fi so ó, kò sí ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ mọ́ra rárá.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Mo gbà pé bí ínfátà ò bá tíì ké, nǹkan ṣì wà nínú bátìrì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ínfátà 12V, ìgbà tí bátìrì bá wálẹ̀ dé nǹkan bíi 10.5V ni wọ́n ń pa ara wọn, bátìrì sì ti gbẹ pátápátá nígbà yẹn. Èyí tó bá jẹ́ aláásíìdì, ìdajì ni kí ẹ máa lò nínú rẹ̀. Ẹ wọn ọ́n láàárọ̀ kí oòrùn tó yọ, kí ẹ ti pa gbogbo nǹkan: bó bá ti wálẹ̀ ju 12.2V lọ, ẹ ti jẹ kọjá ìdajì.

Kọ̀ntírólà yẹn gan-an tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Wọ́n kọ MPPT gàdàgbà sára rẹ̀, ìyẹn irú tó ń sọ V tó ṣẹ́ kù lára pánẹ́ẹ̀lì di A (bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) fún bátìrì, irọ́ ni. Ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì mi, 32V àti 9.3A ni wọ́n kọ síbẹ̀; V ìlọ́po A ni W, ìyẹn ló di 300W. Kọ̀ntírólà yẹpẹrẹ kì í lè yí V tó ṣẹ́ kù padà sí A. Ó kàn ń fa pánẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ bá bátìrì ni. Ẹ sọ 9.3A di ìlọ́po 13V, ẹ ó rí i pé 120W ló ń wọlé. Owó 300W ni mo san. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbé kọ̀ntírólà wò lọ́jà: ojúlówó MPPT máa ń wúwo torí okùn bàbà ńlá tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti so ó, A tó ń wọ bátìrì gbọ́dọ̀ ju A tó ń ti pánẹ́ẹ̀lì bọ̀ lọ dáadáa nígbà tí oòrùn bá mú tí bátìrì ò sì tíì yó.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò tiyín. Gílóòbù 7W mẹ́rin fún wákàtí márùn-ún, 140Wh (W ìlọ́po wákàtí ni Wh). Fáànù 50W fún wákàtí mẹ́jọ, 400. Fóònù, ká pè é ní 45. Fírísà kékeré nínú ooru oko, mi ò ní ka kéré sí 900 lójúmọ́. Ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹun bí ẹ ò tiẹ̀ so nǹkan kan mọ́ ọn: 15W fún wákàtí 24, 360. Àpapọ̀ rẹ̀ 1,845Wh. Pánẹ́ẹ̀lì 300W kan, ká ní oòrùn gidi wákàtí mẹ́rin, ká yọ ooru, eruku àti wáyà kúrò, kò ju nǹkan bíi 840 lọ. Ẹ ò tíì kan oṣù kẹjọ tí ojú ọ̀run ń dì o. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta lẹ nílò, àti bátìrì 200Ah méjì tí wọ́n so di 24V, tàbí lithium 24V 100Ah kan. Fírísà sì máa ń fa iná ní ìlọ́po bíi mélòó kan nígbà tó bá fẹ́ gbéra. 1kVA lè kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Bó bá jẹ́ èmi, màá fi fírísà sílẹ̀ ní ọdún kìíní, màá ra fáànù àti gílóòbù oní-DC, èyí tó ń lo iná bátìrì tààrà láìsí ínfátà, màá sì máa pa ínfátà sùn.

Fíùsì ńkọ́? Ẹ fi sí etí orí pọ́sítíìfù bátìrì gan-an, ẹ má gbé e jìnnà. Eku gé wáyà mi lóru ọjọ́ kan, wáyà méjèèjì kan ara wọn. Fíùsì 60A ló jó, abà ò jó.

Ẹ kọjú pánẹ́ẹ̀lì sí gúúsù, kí ó dà díẹ̀ kí òjò lè fọ̀ ọ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ fúnra yín láàárọ̀ kùtù. Kí ẹ sì wo ohun tí ẹ ń gbìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ga lójú mi títí ewé kan ṣoṣo fi ń ṣíji bo igun pánẹ́ẹ̀lì ní ìrọ̀lẹ́, èmi ń bú bátìrì.

Ẹlòmíràn tún bèèrè nípa gbígbé sólà sínú ọkọ̀ ojú omi: gbogbo èyí náà ni, àfi pé iyọ̀ ni ọ̀tá tiyín. Wáyà tí ọ̀rẹ́ mi kan fà sínú ọkọ̀ ẹja rẹ̀ létíkun Ìlàjẹ di àwọ̀ ewé nínú rọ́bà. Ẹ wá èyí tí bàbà rẹ̀ funfun bíi fàdákà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì náà àti ibi tí wọ́n kọ W sí lára fírísà, kí ẹ fi ránṣẹ́ kí ẹ tó fún oníná yẹn ní kọ́bọ̀.