Ṣé dandan ni kí ìlú dọ́tí kó tó lówó?

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja yíyan ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́, ọdún 23 rèé. Nígbà tí a ṣèpàdé ọjà, mo ní ká dáwó jọ, ká fi máa kó ìdọ̀tí etí ọ̀sà, ká sì ro gọ́tà. Ọkùnrin kan dìde, ó ní ìlú olówó ló ń ṣe ìmọ́tótó, kí àwa kọ́kọ́ jẹun yó ná. Ó ní àwọn òyìnbó pàápàá ba odò tiwọn jẹ́ kí wọ́n tó là. Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún un. Mi ò rí èsì fọ̀. Ṣé òótọ́ ló sọ? — Ìyá ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìdí nìyẹn tó fi ṣòroó fèsì. London wà lára àwọn ìlú tó lówó jù láyé nígbà tí odò Thames ń rùn. Lọ́dún 1858, òórùn ìgbẹ́ inú odò yẹn ká àwọn aṣòfin wọn mọ́lé débi pé wọ́n ń rẹ kọ́tìnnì fèrèsé sínú kẹ́míkà kí wọ́n tó lè jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi í léèrè: ta ló là níbẹ̀? Àwọn tó ní ilé iṣẹ́ àti ọkọ̀ òkun ni. Àwọn tó ń pẹja sámọ́nì nínú odò náà ti pàdánù iṣẹ́ wọn ṣáájú ìgbà yẹn, torí ẹja náà ti tán. Bí ọ̀sà wa bá bàjẹ́, ẹ̀yin ni apẹja yẹn, ìyá mi.

Ìdí ààrò ni mo ti dàgbà. Ìyá mi ń yan ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀ lórí àgbá tí wọ́n gé sí méjì, wáyà lókè, igi lábẹ́. Mo rántí oníbàárà kan tó máa ń wá láti Ìkòròdú. Kì í kọ́kọ́ béèrè iye. Á mú ẹja kan, á tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gbẹ dénú, á gbé e sí imú, á wá fi ìka nù ún lára. Bí ìka bá dúdú, á dá a padà jẹ́ẹ́, á kọjá sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá mi á máa wò ó lẹ́yìn. Mi ò gbàgbé ojú yẹn.

Lónìí, òfin ti gba iṣẹ́ ìka yẹn ṣe. Láti oṣù kẹsàn-án 2014, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù kì í gba ẹja yíyan tí benzo(a)pyrene inú kílò kan rẹ̀ bá ju máíkírógíráàmù 2 lọ. Májèlé inú èéfín ni benzo(a)pyrene yìí; ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù sì ni máíkírógíráàmù kan. Ọwọ́ iná tó ń kan ẹja, àti ọ̀rá ẹja tó ń kán sínú ẹyín iná, ló ń mú un pọ̀. Lóṣù kẹfà 2015, wọ́n tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa nítorí dichlorvos, èròjà inú ọta-píapía. Àgbẹ̀ tí kò fín nǹkan kan sí ẹ̀wà tirẹ̀ náà pàdánù. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn: ìdọ̀tí ẹnì kan a máa ba ọjà gbogbo wa jẹ́.

Ní Chorkor, àdúgbò apẹja kan ní Accra, wọ́n ṣe ààrò kan tí wọ́n fi amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù mọ. Atẹ onígi tí wọ́n tẹ́ wáyà sí ni wọ́n ń tò léra lórí rẹ̀, tí èéfín á máa gba àárín wọn gòkè. Igi tó ń jẹ kéré, ẹja tó ń yan lẹ́ẹ̀kan pọ̀. Kò mú májèlé èéfín kúrò tán, FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé, ló wá ṣe àtúnṣe sí i ní Thiaroye, Senegal, tí nǹkan kan fi ń gba ọ̀rá ẹja kó má bàa kán sínú iná. Michael Porter, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, kọ ọ́ ní 1991 pé òfin àyíká tó bá mọ́gbọ́n dání lè jẹ́ kí oníṣòwò mókè, torí ohun tó ń dà sínú afẹ́fẹ́ àti omi, owó rẹ̀ ló ń dà nù. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ra igi rí mọ̀ pé èéfín tó jáde láìkan ẹja, owó igi ni.

Ẹ sọ ti Singapore fún un pẹ̀lú. Ní 1977, Lee Kuan Yew, olórí ìjọba wọn, ní òun fẹ́ kí odò ìlú náà mọ́ láàárín ọdún 10. Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, pàǹtí àwọn olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà àti ìdọ̀tí ilé ló ń ṣàn wọ̀ ọ́ nígbà yẹn. Ní 1987, ó mọ́. Wọn ò dúró dìgbà tí wọ́n là tán. Wọn ò sì kàn lé àwọn olóúnjẹ dànù, wọ́n kọ́ ibi ìtajà fún wọn, tó ní omi ẹ̀rọ àti gọ́tà. Àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ni kò rọrùn fún, ọ̀pọ̀ wọn fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ọjà Olúwo yín ní Ẹ̀pẹ́ lórúkọ ìmọ́tótó, tó ní kẹ́ ẹ palẹ̀ mọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹ ń lọ, àti bóyá omi wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá padà sípàdé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ìmọ́tótó. Kí ẹni mẹ́wàá nínú yín fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ ọ́ sílẹ̀: ẹja tó bàjẹ́, igi tí wọ́n rà, oníbàárà tó yà kúrò torí kò ríbi tẹsẹ̀ sí lẹ́yìn òjò. Ẹ ṣírò rẹ̀ ní náírà, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí ẹ ní kí wọ́n dá. Bí wọ́n bá sì gbà, gọ́tà ẹ̀yìn ìsọ̀ ọkùnrin yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ro.