Ẹ Bi Wá: Epo ọsàn ń léfòó lójú sóbò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sóbò ni mò ń ṣe tà ní Ìkéré-Èkìtì. Mo ń kán epo èèpo ọsàn sí i kó lè ta sánsán, àmọ́ bó bá di ọjọ́ kejì, epo á ti gun ọrùn ìgò. Mo ti fi bùlẹ́ńdà lù ú, pàbó ló já sí. — Oníṣóbò

ÌDÁHÙN: Ẹ gbé bùlẹ́ńdà tì. Ó ń fọ́ epo sí wẹ́wẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ ọ̀hún á tún wá ara wọn rí, wọ́n á sì léfòó. Microemulsion lẹ nílò: epo tó kéré débi pé ojú ò lè rí i, tí omi sì mọ́ gaara. Agbára kọ́ ló ń ṣe é, onílàjà ni, ohun tí orí rẹ̀ fẹ́ omi, tí ìrù rẹ̀ fẹ́ epo. Nínú àwọn onílàjà, polysorbate 80 ló rọrùn jù. Ẹ rí i pé E433, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ bí èròjà oúnjẹ, wà lára ike rẹ̀, pé fún oúnjẹ ni. Ti oníṣòwò ìpara kò kàn yín.

Epo gíráàmù 5, polysorbate 25, omi sísè 70. Ẹ fi sìkéèlì wọ̀n ọ́n. Polysorbate ki bí oyin, ara ṣíbí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ á kù sí. Ẹ má fi ife fóòmù ṣe é o, epo ọsàn á yọ́ ìdí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ po epo mọ́ polysorbate láìsí omi, títí tí kò fi ní sí ìlà láàárín wọn. Ẹ wá máa ta omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 40°C, sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó jẹ́jẹ́. Tó bá yá, yóò ki bí ògì tó ń jiná. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dà á nù! Ẹ máa bu omi sí i, yóò tú. Bí ẹ bá da omi lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa dì ní kókó tí kì í tú bọ̀rọ̀.

Ẹ má fi sóbò dán an wò, pupa rẹ̀ á bò ó mọ́ yín lójú. Ẹ kán gíráàmù 1 nínú àpòpọ̀ náà sínú lítà omi kan, kí ẹ fi ìwé ìròyìn sẹ́yìn rẹ̀. Bí lẹ́tà bá hàn kedere, ó ti bọ́ sí i. Bó bá funfun bí omidùn, onílàjà kò tó: ẹ sọ ọ́ di 30 tàbí 35, kí ẹ dín omi kù. Àpọ̀jù rẹ̀ máa ń korò lẹ́nu.

Gíráàmù 1 yẹn gbé mílígíráàmù 250 polysorbate sínú lítà kan. Ààlà polysorbate tí èèyàn lè jẹ lóòjọ́ ni mílígíráàmù 25 fún kílò ara kan. Ọmọ kílò 15 kò gbọdọ̀ kọjá 375, ìyẹn lítà kan ààbọ̀. Nítorí náà, ẹ má tìtorí òórùn ṣe é ní ìlọ́po méjì.

Sóbò tó ti tutù lẹ ó dà á sí. Nínú ooru, orí onílàjà máa ń jọ̀wọ́ omi, epo á tún kóra jọ. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi pamọ́, ẹ má tíì bu omi sí i, torí èébu.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé epo pupa náà lè yọ́ sínú omi báyìí? — Akẹ́kọ̀ọ́, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Kò lè mọ́ gaara. Èròjà rẹ̀ gùn, ó sì tóbi ju ti epo ọsàn lọ, ìrù onílàjà kò lè gbà á mọ́ra dáadáa. Lecithin (onílàjà mìíràn, irú èyí tó wà nínú ẹyin àti sóyà) àti bùlẹ́ńdà ni kí ẹ lò. Yóò rí bíi wàrà, ẹ sì máa gbọn ìgò kí ẹ tó mu ún.